Fóònù Inú Àpótí Oyin

Nígbà tí Divakaran kú, gbogbo àdúgbò tẹ́tí sílẹ̀ de ẹkún ìyàwó rẹ̀, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Thankamani ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé òkú sọ̀kalẹ̀ láti òkè oko rọ́bà. Kò sunkún nígbà tí wọ́n gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi dáná sun òkú náà ní gúúsù ilé, bí àṣà wọn. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Muscat, wálé, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá, ó fi omijé wẹ̀, ó padà. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ó bá a gbé báàgì, ó ní kó má gbàgbé láti máa jẹun, ó sì padà sílé wá fọ abọ́.

Omana, ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ni kò lè mú un mọ́ra.

"Thankamani, sunkún díẹ̀, jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ ti di ohun tí wọ́n ń sọ nídìí kànga. Wọ́n ní bóyá ìwọ lo tì í ṣubú."

"Ẹ̀gbọ́n, kò wá ni."

"Kí ni ò wá?"

"Ẹkún."

"Lọ pè é wá nígbà yẹn! Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo ti sun tèmi, mo ti sun tìẹ mọ́ ọn, ohùn mi ti há."

Thankamani gbé tíì tí kò ní mílíìkì fún un, ó sì lọ sídìí iṣẹ́. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ ló ti ń ha igi rọ́bà fún Varkey tó ni oko. Ìdájí ló máa ń jáde, iná kékeré níwájú orí, ọ̀bẹ títẹ̀ lọ́wọ́. Á ha èèpo igi tín-ín-rín, oje funfun á sì máa ro sínú èèpo àgbọn tí wọ́n so mọ́ ọn. Divakaran ló ń ha ti apá òkè, òun ló ń ha ti ìsàlẹ̀. Nísinsìnyí Varkey ti fi ẹlòmíì sí apá òkè. Kò bi Thankamani bóyá ó dùn ún tàbí kò dùn ún.

Ohun tó jẹ́ ti Divakaran gan-an nínú oko náà ni oyin. Àpótí mẹ́fà ló ní lábẹ́ àwọn igi rọ́bà, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí òpó kúkúrú, ó sì gbé abọ́ omi sí ìdí òpó kí èèrà má baà gùn ún. Tó bá ń ṣí wọn, kì í wọ ìbọ̀wọ́, kì í wọ ìbojú. Á kàn máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹlẹ́ja dúnàádúrà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Thankamani ń rọ omi sínú abọ́, ó ń fún wọn ní omi ṣúgà nígbà òjò tí òdòdó kò sí. Ó ń tọ́jú wọn bí ẹni tí àlejò gbé ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ewé rọ́bà ti pọ́n tó ti wọ́ dànù, tí ewé tuntun ń yọ, tí oyin sì ń rí oje dídùn lá, ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn. Ó ní Jisna lorúkọ òun, pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nísàlẹ̀ òkè ni òun ti ń ṣèwádìí láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá wà nílé? A jọ pàdé níbi ìpàdé àwọn olóyin. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á ràn mí lọ́wọ́."

"Wọn ò sí."

"Ìgbà wo ni kí n padà wá?"

"Wọ́n ti kú. Lóṣù kẹjọ."

Bí ẹni ń sọ pé ẹja ti tán lọ́jà ló ṣe sọ ọ́. Jisna dúró, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí okùn báàgì rẹ̀ bí ẹni fẹ́ yí padà. Thankamani ní kó jókòó. Ó gbé tíì fún un. Ó bi í pé kí ni ọkọ òun ṣèlérí.

Jisna ṣàlàyé. Àwọn kan ń sọ pé ìtànṣán fóònù àti ti òpó nẹ́tíwọọ̀kì máa ń da orí oyin rú, tí á jáde lọ wá oúnjẹ tí kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àwọn míì ní irọ́ ni. Òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Nínú àpótí mẹ́fà, òun á fi fóònù kéékèèké tó ti gbó, tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, sínú mẹ́rin: méjì á wà ní títàn tí ẹnì kan á máa pè wọ́n, méjì á wà ní pípa. Àpótí méjì yòókù kò ní ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á wò ó bóyá ìyàtọ̀ wà.

"Ta ló máa máa pè é?"

"Bàbá ló yẹ kí wọ́n máa pè é. Ṣùgbọ́n ní báyìí..." Jisna wo ilẹ̀. "Tí kò bá ní ni yín lára, Màmá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́."

"Kí ni kí n máa sọ fún un?"

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa gbé e. Tó bá dún tó dún tó sì gé, ẹ tún un pè."

Thankamani ní ó dáa. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan wọ̀nyí rọrùn fún un nígbà yẹn, kí ẹnì kan ní kó ṣe nǹkan, kó sì ṣe é.

Jisna fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára àpótí, láti ìkíní dé ìkẹfà. Fóònù tí wọ́n máa pè wà nínú ìkejì àti ìkarùn-ún, èyí tí wọ́n pa wà nínú ìkíní àti ìkẹrin. Ó fún Thankamani ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti fi rúlà pín, kó máa fa ìlà kan síbẹ̀ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá pè. Òun fúnra rẹ̀ á máa wá ní ọjọ́ Sátidé méjì méjì láti ṣí àpótí wò, á sì mú ṣúgà dání fún àwọn oyin. Ọjọ́ kejìlá oṣù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Thankamani gbé ìjókòó onírọ́bà kan lọ sídìí àpótí kejì, ó jókòó lé e, ó fi fóònù sétí. Ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ń dún, ó ń dún, títí ohùn obìnrin kan fi wọlé: "Ẹni tí ẹ ń pè kò gbé ìpè yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un pè tó bá yá." Ó gé e. Ó tún un pè. Àwọn oyin ò yíwọ́ padà. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹsẹ̀ wọn pọ́n fún ìyẹ̀fun òdòdó. Nígbà tí àsìkò pé, ó gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sídìí ìkarùn-ún.

Omana kọjá, ó rí i.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo ń pe àwọn oyin."

"Ṣé wọ́n ń gbé e?"

"Wọn ò gbé e."

"Ẹ̀yin ọmọ ayé! Èmi tí mo wà ní òdìkejì ọ̀nà ńbí, o ò fíláàṣì mi rí. Oyin lò ń sun owó fóònù lé lórí."

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọn ò bá gbé e, owó kì í lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, nídìí àpótí kejì, ohùn obìnrin yẹn wọlé, "Ẹni tí ẹ ń pè kò gbé ìpè yín," Thankamani sì rí i pé òun ti mọ ohùn náà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Divakaran kú, Thankamani ti se ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó ti se ẹja sínú ọbẹ̀ kíkan, aago méjì sì kọjá tí ọkọ kò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ó pè é. Ó pè é nígbà mọ́kànlá. Ìgbà mọ́kànlá náà ni obìnrin yẹn fi ohùn tútù kan náà dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìpè kẹta ó bú ọkọ rẹ̀ ní adití. Lẹ́yìn ìkẹfà ó wọ sálúbàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ó ń gùn ún, ó ń pè, ó ń gùn ún, ó ń pè, títí ó fi gbọ́ fóònù náà gan-an tó ń dún níwájú òun, láàárín igi. Divakaran dojú bolẹ̀ nídìí igi kan, fóònù wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń dún, torí pé òun ló ń pè é lọ́wọ́.

Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó fi ṣe àṣírí. Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Ó gé ìpè náà. Ó gbé fóònù lé itan, ó jókòó títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi pé. Ó lọ sídìí ìkarùn-ún, ó jókòó síbẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó fa ìlà méjì sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ó ń yọ fóònù inú àpótí, ó ń ṣáájì rẹ̀, ó ń dá a padà. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe àfi kó pè. Kò rò ó pé irọ́ ni òun ń pa, kò sì rò ó pé òótọ́ ni òun ń ṣe. Àsìkò tí wọ́n ní kó lò nídìí àpótí, ó ń lò ó pé.

Ní oṣù kẹta, òjò kan rọ̀ nígbà tí kò tíì tó àkókò rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí Jisna wá, àpótí kejì ṣàárẹ̀. Oyin ń rìn kiri lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Jisna fa afárá kan yọ. Àwọn ìdin inú rẹ̀ ti kú, wọ́n wú, wọ́n gbé orí sókè nínú ihò wọn bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Tí èèyàn bá fi igi tín-ín-rín fa ọ̀kan jáde, á jáde bí àpò omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìkarùn-ún náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ò ṣe nǹkan kan.

Thankamani mọ ohun tó rí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, àrùn kan wá tó gbá gbogbo oyin orí òkè náà mọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìdin àsìkò yẹn náà gbé orí sókè báyìí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló dáná sun àwọn àpótí. Nígbà tí Jisna tún wá, ó sọ fún un.

"Mo mọ àrùn yẹn, Màmá," ni Jisna wí, ó ń ya fọ́tò. "Ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ méjì tí à ń pè nìkan ló mú? Bóyá ìpè náà ló sọ wọ́n di aláìlágbára kí àrùn tó wọlé. Ọ̀gá mi máa fẹ́ gbọ́ èyí."

Thankamani ya ẹnu. Nígbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ bí ìrẹsì tí kò jinná, kò gbé e mì, kò sì tu ú. Jisna ti ń pa báàgì rẹ̀ dé torí bọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá Jisna gbọ́, ó sọ ọ́ níbì kan, ibẹ̀ ni Kuriachan ti gbọ́. Kuriachan ni aṣojú àdúgbò wọn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọkùnrin kúkúrú ni, a kì í rí etí ọ̀tún rẹ̀ torí fóònù. Lọ́dún yẹn, Varkey ti gbà kí ilé iṣẹ́ kan gbé òpó nẹ́tíwọọ̀kì sí igun oko rọ́bà rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kuriachan sì ti ń bá ọ̀rọ̀ náà jà láti ìgbà náà láì rí ẹ̀rí mú dání. Ó mú akọ̀ròyìn kan wá sílé Thankamani.

"Màmá, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn," ni Kuriachan wí. "Ẹ má wo kámẹ́rà. Ẹ wo inú àpótí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ẹ wo bí ojú Màmá ṣe rí. Ìbànújẹ́ pátápátá!"

Ojú rẹ̀ bó ṣe rí lójoojúmọ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, ìwé ìròyìn jáde. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, òun àti àpótí kejì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "Fóònù Pa Oyin Opó." Omana gbé e wá, ó kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó ńkọ́? Kí lo rí sí i?"

"Wọ́n ya ẹsẹ̀ mi mọ́ ọn. Mi ò tíì fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé tí fóònù bá ń pani, ó yẹ kí Kuriachan ti kú láti ìjẹta."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Olùkọ́ kan kó ọmọ ilé ìwé wá wo àpótí. Àwọn ìyá ọmọ gbé pátákó, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà oko Varkey fún ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n se ìrẹsì níbẹ̀, wọ́n kọrin. Àwọn oníṣẹ́ òpó kó irin wọn padà sínú ọkọ̀. Kuriachan pe ìpàdé sí pápá ilé ìwé, wọ́n mú Thankamani gun orí pèpéle, wọ́n sì da ìborùn aláràbarà lé e ní èjìká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn pàtàkì lọ́lá. Ẹnì kan kígbe pé, "Màmá Oyin!" Gbogbo pápá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe pa á fún ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gígùn. Oòrùn mú, ìborùn náà gbóná, kò sì wá sí i lọ́kàn láti bọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Varkey pàdé rẹ̀ láàárín igi.

"Thankamani, ọgbọ̀n ọdún lo ti ń ṣiṣẹ́ fún wa, mi ò mọ̀ pé o ti wọ òṣèlú."

"Mi ò wọ̀ ọ́, ọ̀gá."

"Àwòrán ẹ tóbi ju ti mínísítà lọ."

Kò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kàn ń wo ibòmíì nígbàkigbà tí wọ́n bá jọ kọjá.

Láàárín oṣù kẹrin, àpótí kẹrin mú àrùn. Ìkẹfà tẹ̀ lé e, tí kò ní fóònù kankan nínú rí. Ìkẹta, tí kò ní nǹkan nínú bákan náà, oyin rẹ̀ ṣí lọ lápapọ̀ ní ọ̀sán kan, wọ́n rọ̀ mọ́ra lójú ọ̀run bí èéfín, wọn ò padà. Ìkíní ló kú kẹ́yìn. Thankamani kó gbogbo afárá, ó sun wọ́n, ó fi omi eérú fọ àwọn àpótí, ó dà wọ́n dé sójú oòrùn. Ó nu àwọn fóònù náà, ó kó wọn sínú agolo bísíkíìtì. Ó tún lọ jókòó síbi tí àpótí kejì wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó tó rántí pé kò sí ìdí kankan láti jókòó síbẹ̀ mọ́.

Jisna dé ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, ìwé títẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ tuntun lọ́rùn. Ó ń lọ sí Thiruvananthapuram, olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, láti ka iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n; ó kàn yà láti gba ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní ti àwọn mẹ́rin yòókù kò ba iṣẹ́ náà jẹ́, pé ara àwọn méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kó àrùn náà. Thankamani ń bó ẹ̀gẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jisna."

"Màmá."

"Mi ò pè é."

"Ẹ ò pe ta ni?"

"Fóònù inú àpótí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo pè é, àti díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò pè é mọ́."

Jisna rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bá mi ṣeré báyìí. Mo ní bọ́ọ̀sì láti wọ̀."

Thankamani ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ẹ̀rín náà kúrò lójú Jisna díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé, ó mú agolo bísíkíìtì, ó wá fóònù àpótí kejì. Ìda ti dí ojú bọ́tìnnì rẹ̀. Ó fi èékánná ha á. Ó tàn án. Ó wo ibi tí fóònù ń kó ìpè tí wọn ò gbé sí. Ìpè tó kẹ́yìn níbẹ̀ jẹ́ ti ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní.

"Mi ò wo ibí yìí rí," ló wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ìgbà tí mo wá. Ìdin ni mò ń kà." Ohùn rẹ̀ wá ga. "Ìwé àkọsílẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo fà á."

"Kí ló dé? Ṣé ó ni yín lára ni? Ṣebí ẹ lè sọ fún mi! Màá ti wá ẹlòmíì! Kí ló dé, Màmá?"

Thankamani wá èsì. Èyí tó rí ló fún un.

"Wọn ò gbé e."

"Mo ti sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa gbé e!"

"O sọ fún mi." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Divakaran náà ò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mọkànlá. Èmi náà ni mo rí i. Fóònù yẹn ń dún lápò ẹ̀. Obìnrin inú fóònù yẹn ní kí n tún un pè."

Jisna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀. Kò fọwọ́ kan Thankamani, kò sì sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Omi ẹ̀gẹ́ ti ń hó lórí iná. Jisna bi í pé:

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan."

"Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì yìí, tí mo lọ ka ìwé mi bó ṣe wà?"

"O lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan?"

"Mi ò ní lọ wá ẹni tí màá sọ fún. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ."

Wọ́n se ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n gún ata tútù sí i, wọ́n jẹ ẹ́. Thankamani ṣàkíyèsí pé ata náà ta. Ó ti pẹ́ tí ata ti ta á lẹ́nu. Bọ́ọ̀sì Thiruvananthapuram kọjá, Jisna gbọ́ ọ, kò dìde. Ìrọ̀lẹ́ ló wọ èyí tó ń padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kò ka ìwé náà fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìròyìn dé etí Kuriachan, ó sì sáré wá, ó gbàgbé láti gbé fóònù kúrò létí.

"Màmá Oyin! Ẹ dákun, kí ni mo gbọ́ yìí? Ta ló bi yín? Ẹ ò ṣe jẹ́ kó wà bó ṣe wà? Òpó yẹn burú, yálà ẹ pè é ni o, yálà ẹ ò pè é."

"Ó lè burú. Èmi ò mọ̀."

"Àwọn èèyàn gbà yín gbọ́!"

"Àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti ṣófo, Kuriachan. Méjì nínú wọn ò ní fóònù kankan nínú."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

Thankamani wọlé, ó gbé ìborùn tí wọ́n fi dá a lọ́lá jáde, ó ti ká a dáadáa, ó nà án sí i. Ojú ti Kuriachan. Ó wo aṣọ náà, ó wo ojú ọ̀run.

"Ẹ gbé e wọlé, Màmá. Ẹ máa fi bora. Òjò ń bọ̀."

Kò sí ìpàdé mìíràn. Ìwé ìròyìn ò padà wá. Nígbà tí òjò dá, àwọn oníṣẹ́ òpó kó irin wọn dé, ìyá ọmọ mẹ́rin péré ló jáde láti jókòó, oúnjẹ tí wọ́n gbé wá ò sì tó ọjọ́ kan. Òpó dìde. Nínú àwọn tó kọrin níjọ́sí, ọ̀pọ̀ ló wá ń jókòó sílé báyìí bá ọmọ wọn tó wà ní Dubai sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwòrán, láì tún gun orí àpáta mọ́ láti wá nẹ́tíwọọ̀kì tó lè gbé àwòrán.

Jisna padà wá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kejì. Ó kó agbo oyin mẹ́fà tuntun wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pe fóònù fúnra rẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Thankamani ò ní ju kó ṣí àpótí àti kó dé e lọ. Ó ń ṣí i láì wọ ìbọ̀wọ́. Àrùn yẹn tún wá, ó mú mẹ́ta: ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń pè, ọ̀kan tí fóònù rẹ̀ wà ní pípa, ọ̀kan tí kò ní nǹkan nínú. Ó mú mẹ́ta, ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Ní ọdún kẹta Jisna kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ò rí ẹ̀rí tó dájú sí ìhín tàbí sí ọ̀hún, pé àpótí mẹ́fà kéré jù láti fi dájọ́. Wọ́n fún un ní oyè rẹ̀. Ó mú ìwé náà wá fi han Thankamani. Orúkọ Thankamani àti ti Divakaran wà lójú ewé àwọn tí Jisna dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Thankamani kà á, ó ní wọ́n kọ orúkọ Divakaran dáadáa.

Àpótí mẹ́ta tó ṣẹ́ kù di ti Thankamani. Lẹ́yìn ìgbà tí ó pín ọ̀kan nínú wọn sí méjì, Varkey fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ìkan. Ó gbé e fún un. Varkey gbé e sí abẹ́ òpó gan-an, kí gbogbo ayé lè rí i. Láràárọ̀ ló ń na ìka sí i fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá: "Ẹ wò wọ́n! Ṣé wọ́n kú?"

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àpótí ṣófo, kò sí òkú kan, kò sí ìdin. Varkey ní èèrà ni, torí òun gbàgbé láti bu omi sínú abọ́ ìdí rẹ̀. Kuriachan rìn wá láti ọ̀nà jíjìn láti wò ó, ó ní ẹ ti rí i báyìí, òun ti sọ ọ́. Àwọn méjèèjì dúró lábẹ́ òpó, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn, títí Thankamani fi ń kọjá pẹ̀lú korobá oje rọ́bà lọ́wọ́. Wọ́n pè é. Wọ́n ní kó wá dá ẹjọ́ náà, pé òun nìkan ló mọ oyin.

Ó gbé korobá sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ inú àpótí, ó fi ìka fa ìda kékeré kan yọ, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Wọ́n lọ ni," ló wí.

"A mọ̀ pé wọ́n lọ! Kí ló lé wọn?"

"Wọn ò sọ fún mi."

Ó dé àpótí náà, ó gbé korobá rẹ̀, ó ń lọ sí ilé tí wọ́n ti ń sọ oje di rọ́bà, torí oje kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì.